Ṣé Kí Oníṣẹ̀ṣe Gbára Lé Òfin Ọ̀rọ̀-Òdì, Àbí Kó Bá Wọn Wọ́gi Lé E?

Òǹkàwé kan kọ̀wé láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ní oníwàásù kan máa ń gbé gbohùngbohùn síwájú ilé Ifá àwọn ní alaalẹ́, a máa bú òrìṣà, a sì máa ṣépè fún àwọn tó ń bọ wọ́n. Agbẹjọ́rò kan ní kí wọ́n fi abala 204 inú Òfin Ìwà Ọ̀daràn gbé e lọ sílé ẹjọ́, pé ó ti tàbùkù ẹ̀sìn. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má dán an wò, pé ṣe ni kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n yọ òfin ọ̀rọ̀-òdì, ìyẹn òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá bú ẹ̀sìn, kúrò nílẹ̀ yìí. Òǹkàwé wa wá bèèrè pé: èwo nínú méjèèjì ló ń dáàbò bo ẹ̀sìn tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀? Báwo sì ni wọ́n ṣe ń yọ irú òfin bẹ́ẹ̀ gan-an?

Ẹ má lo abala 204. Ó dùn ún gbá mú lóòótọ́, pàápàá nígbà tí inú bá ń bí èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀sìn kékeré tí irú òfin yẹn ti gbè pẹ́ títí. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó wí. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ohun tí àwùjọ kan kà sí ìwọ̀sí sí ẹ̀sìn wọn ní gbangba, tó sì ní in lọ́kàn pé kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀, ti jẹ̀bi. Bákan náà lẹni tó ṣe ohun tí kò bófin mu, tó mọ̀ pé àwùjọ kan yóò kà á sí ìwọ̀sí. Ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tí òfin gbé òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́: àwọn tó ní wọ́n bú àwọn ni. Bí ẹ bá fi mú oníwàásù lónìí, lọ́la ni ẹnìkan yóò fi mú babaláwo tó sọ lórí rédíò pé Ifá ti wà kí Bíbélì àti Àlùkùránì tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Ta ni èèyàn rẹ̀ yóò pọ̀ jù ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà? Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Àwọn ará wa tó wà ní Ìlọrin àti àwọn ìlú Kwara yòókù kò sí lábẹ́ abala 204. Òfin tiwọn ni ti Àríwá, tí wọ́n ń pè ní Penal Code, abala 210. Ìyẹn tún le ju èyí lọ lọ́nà kan: ó ní ẹni tó bá bú ẹ̀sìn ní gbangba, tàbí tó fẹ́ kí àwọn èèyàn kẹ́gàn rẹ̀, lọ́nà tó lè da àlàáfíà rú, yóò ṣẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2, tàbí kó sanwó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Kò burú létí. Ṣùgbọ́n ta ló ń pinnu pé àlàáfíà lè dàrú? Ẹni tó lè da á rú ni. Àwùjọ tí kì í jà, tí kì í jó ilé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sí wọn kì í di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ abala yìí. Àwùjọ tó bá yọ igi lókè, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ sí wọn ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà kan lọ bá ìyá olórìṣà kan tó fẹ́ ṣọdún ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wáyé. Ọdún náà kò wáyé. Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà sí Ẹ́míà Ìlọrin lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ìjọba bá ń fi "kí àlàáfíà má bàa dàrú" ṣe òṣùwọ̀n, ẹni tí wọ́n lé ni yóò máa gbọ́ pé kó dákẹ́.

Ibi tí òfin wọ̀nyí ti wá náà yẹ ní mímọ̀, nítorí àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run ló fi wọ́n ránṣẹ́. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní Gúúsù, láti Queensland ní Australia ló ti wá. Wọ́n ṣe é níbẹ̀ ní 1899, Lugard gbé e wọ Àríwá ní 1904, ó sì kárí Nàìjíríà ní 1916. Penal Code tí wọ́n ṣe ní 1959 gba ọ̀dọ̀ Sudan wá, Sudan sì gbà á lọ́wọ́ òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Íńdíà ní 1860. Ẹ̀yìn 1999 ni ìpínlẹ̀ 12 ní Àríwá wá ṣe òfin ìwà ọ̀daràn Ṣàríà tiwọn. Ti Kano, abala 382(b), ló mú ìdájọ́ ikú wá fún ẹni tó bá bú Àlùkùránì tàbí wòlíì.

Ẹ wá wo àwọn tí òfin náà mú. Yahaya Sharif-Aminu, olórin ọmọ ìjọ Tijaniyya, ìjọ Mùsùlùmí kan, ni ilé ẹjọ́ Ṣàríà ní Kano dájọ́ ikú fún ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 2020 nítorí orin tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò ní agbẹjọ́rò nígbà tí wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì ti jó ilé àwọn òbí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́ rárá. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ náà ní oṣù kìíní 2021, ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní oṣù kẹjọ 2022, ó sì ní òfin Kano kò ta ko Ìwé Òfin Àgbà. Ọ̀rọ̀ ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní 2020 yẹn náà ni wọ́n rán ọmọ ọdún 13 kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 ní Kano, kí ilé ẹjọ́ gíga tó dá a sílẹ̀. Wọ́n dájọ́ ikú fún Abduljabbar Nasiru Kabara, àlùfáà ìjọ Qadiriyya, ìjọ Mùsùlùmí mìíràn, ní oṣù kejìlá 2022. Mubarak Bala, tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 24 ní oṣù kẹrin 2022 lórí ohun tó kọ sí Facebook; ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní 2024. Ní Bauchi, Rhoda Jatau, Kristẹni, wà ní àtìmọ́lé ju ọdún kan lọ, wọn kò sì dá a láre títí di oṣù kejìlá 2024.

Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn. Èyí ni àwọn tó ń sọ pé òfin náà ń dáàbò bo Ìsìláàmù kì í fẹ́ kí a sọ. Mùsùlùmí tí àwọn Mùsùlùmí yòókù kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Kristẹni láàárín Mùsùlùmí, aláìgbàgbọ́ láàárín gbogbo wọn: ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ẹ̀yìn ni pàṣán máa ń gbà.

Àwọn kan máa ń ní bí kò bá sí òfin, àwọn èèyàn yóò fi ọwọ́ ara wọn ṣèdájọ́. Òfin wà ní Sókótó ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2022 tí wọ́n sọ Deborah Samuel lókùúta pa nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì dáná sun ún. Òfin wà ní Gandu, ní Gombe, ní 2007, tí wọ́n pa Oluwatoyin Oluwasesin, olùkọ́, ọmọ Yorùbá, nígbà tó ń bójú tó ìdánwò. Ẹjọ́ Sókótó yẹn sì tú ká nígbà tí agbefọ́ba kò yọjú mọ́, wọ́n sì dá àwọn méjì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Ohun tí òfin ọ̀rọ̀-òdì ń sọ fún àwọn tó ń pa èèyàn ni pé ẹni yẹn kúkú ṣẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà jẹ ẹ́ níyà nìkan ni kò tọ́. Láti ibẹ̀ sí òkúta, kò jìnnà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá dá ẹjọ́ kan tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ pè mọ́ Nàìjíríà. Ó ní abala 210 ti Penal Code Kano àti abala 382(b) ti Ṣàríà Kano kò bá ẹ̀tọ́ sísọ̀rọ̀ mu gẹ́gẹ́ bí àdéhùn Áfíríkà àti àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe là á sílẹ̀: àkọ́kọ́ kò yéni tó, èkejì ní ìyà tó pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ìjọba gbọ́dọ̀ yí wọn padà tàbí kó yọ wọ́n. Àdéhùn àgbáyé yẹn, Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 1993. Ìgbìmọ̀ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń mójú tó o sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2011 pé òfin tó ń jẹni níyà nítorí àìbọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn kò bá a mu, àyàfi ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti di rírúni sókè láti ṣe àwọn èèyàn níbi. Ẹ mú ìyàtọ̀ yẹn dání: èèyàn ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Kí ẹ má bàa rò pé Àríwá nìkan ni mò ń bá wí, ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì tó kó òfin náà wá. Òfin ọ̀rọ̀-òdì tiwọn ń gbè ìjọ Áńgílíkà nìkan. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ pe ẹjọ́ lórí ìwé ìtàn àròsọ kan ní 1990, adájọ́ sọ fún wọn pé òfin náà kò kan Ìsìláàmù. Ọ̀nà méjì ló wà láti mú un dọ́gba: kí wọ́n nà án kárí gbogbo ẹ̀sìn, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ ní 2008. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe òfin mìíràn ní 2006 tó ka fífi ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ ru ìkórìíra sókè sí àwọn ẹlẹ́sìn sí ẹ̀ṣẹ̀, tó sì sọ ọ́ kedere pé àríwísí, ẹ̀fẹ̀ àti ìwọ̀sí sí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Èmi gbà pé bó ṣe tò yẹn ló dára: kọ́kọ́ gbé ohun tó ń dáàbò bo èèyàn kalẹ̀, kí o tó gba pàṣán lọ́wọ́ ẹni tó mú un.

Bùràsílì ló sún mọ́ ìbéèrè yín jù, nítorí òrìṣà kan náà ni. Ìwé òfin wọn ti 1890 ka ìbẹ́mìílò àti idán sí ẹ̀ṣẹ̀, òun ni ọlọ́pàá sì fi ń kó ìlù àti ojúbọ àwọn Candomblé, ìyẹn àwọn olórìṣà ibẹ̀, lọ. Ní 1940 wọ́n ṣe ìwé òfin tuntun. Abala 208 inú rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá tàbùkù ìsìn tàbí ohun ìsìn ní gbangba yóò ṣẹ̀wọ̀n oṣù 1 sí ọdún 1 tàbí kó sanwó ìtanràn. Gbogbo ẹ̀sìn ló kárí lórí ìwé. Síbẹ̀ ní Bahia, títí di 1976 ni àwọn ilé òrìṣà ní láti lọ gbàwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe orò wọn, ohun tí wọn kò bèèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Ọdún 36 ni òfin àbùkù fi wà nílẹ̀ tí kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni àṣẹ gómìnà tó yọ ìwé ọlọ́pàá kúrò ní 1976, Ìwé Òfin Àgbà 1988 tó dárúkọ ibi ìsìn àti orò pé wọ́n wà lábẹ́ ààbò, àti òfin 1989 tó ka ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí ẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀sìn kún ní 1997. Nígbà tí ìwé ìròyìn ìjọ kan fi àwòrán Mãe Gilda, ìyálórìṣà ní Salvador, ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, tí ó sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2000, ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú ni ẹbí rẹ̀ pè, wọ́n sì jàre. Láti 2007 ni ọjọ́ yẹn ti jẹ́ ọjọ́ ìgbógunti ìkórìíra ẹ̀sìn ní Bùràsílì.

Nísinsìnyí, bí wọ́n ṣe ń yọ òfin.

Ní ti ìpínlẹ̀ yín, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lágbára rẹ̀, nítorí ìwà ọ̀daràn gbogbogbòò kò sí nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ dá mú. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀, nọ́ńbà abala sì lè yàtọ̀. Èkó ti ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti 2011. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ ra ìwé òfin ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Àbádòfin tó bá dárúkọ abala tí kò sí, ọjọ́ ìkàwé kejì ni wọ́n ti máa fi í ṣẹ̀sín. Ẹ wá aṣòfin kan tí yóò gbé e wọlé. Ìkàwé ìgbà mẹ́ta ni, láàárín rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ti máa ń pe aráàlú láti wá sọ tẹnu wọn. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni àbádòfin náà gbọ́dọ̀ ní, ìkejì sì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Èkíní, kí ó sọ pé a yọ abala náà. Èkejì, kí ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀. Abala 6 nínú Òfin Ìtumọ̀ ti àpapọ̀ sọ pé yíyọ òfin kò pa ẹ̀bi àti ẹjọ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ rẹ́, irú rẹ̀ sì wà nínú òfin àwọn ìpínlẹ̀. Bí àbádòfin yín bá dákẹ́ lórí èyí, wọ́n lè yọ abala 204 lónìí, kí ẹni tí wọ́n mú lánàá ṣì lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé gbogbo ẹjọ́ tó dúró lórí abala yẹn parí lọ́jọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n sílẹ̀, kí wọ́n sì pa àkọsílẹ̀ ẹ̀bi wọn rẹ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n dí ojú ihò tí ọlọ́pàá lè gbà wọlé: abala 249 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn, lórí híhùwà tó lè da àlàáfíà rú, àti abala 24 àti 26 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015. Ti íntánẹ́ẹ̀tì, ti àpapọ̀ ni. Wọ́n ti dín abala 24 kù ní 2024, ṣùgbọ́n 26 ṣì dárúkọ ẹ̀sìn pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kò lè fọwọ́ kan án. Aṣòfin àpapọ̀ yín lẹ máa lọ bá. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n gbé ohun tó sàn ju ti àtijọ́ lọ sípò rẹ̀, mo sì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú fi ibi tó máa ń dàrú hàn wá. Ní Denmark, wọ́n yọ ọ́ ní 2017, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé padà ní oṣù kejìlá 2023 gẹ́gẹ́ bí òfin tó ka jíjó ìwé mímọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní Ireland, inú Ìwé Òfin Àgbà ni ó wà, wọ́n ní láti dìbò gbogbogbòò, ìdá 64.85 nínú ọgọ́rùn-ún sọ bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2018. Wọ́n ti ṣe òfin náà tuntun ní 2009 pẹ̀lú ìtanràn tó lè tó 25,000 yúrò, wọn kò sì fi mú ẹnì kankan. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní òfin tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ kò lè pani lára. Pakistan ló gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ síwájú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé láti fi gbè tirẹ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, bí aṣòfin kan bá sọ fún yín pé abala 204 ti sùn, kí ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ ní irú èsì tí ẹ lè fún un.

Ọ̀nà kejì ni ilé ẹjọ́. Abala 46 Ìwé Òfin Àgbà ń jẹ́ kí ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, tàbí tó rí i pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́, lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ìlànà 2009 lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gba ẹgbẹ́ láàyè láti pe ẹjọ́ nítorí àwọn ẹlòmíràn, kò sì sí gbèdéke ọjọ́. Ìwé ìlànà ní ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e wá ni kí wọ́n fi ìgbẹ́jọ́ sí. Ẹ má ṣe gbára lé e, ó máa ń pẹ́. Ẹjọ́ kan wà tí agbẹjọ́rò yín yóò fẹ́ tọ́ka sí: Arthur Nwankwo àti Ìpínlẹ̀, 1985, níbi tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti sọ pé òfin ọ̀tẹ̀ tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ kò bá Ìwé Òfin Àgbà mu. Inú ìwé òfin kan náà ni abala 204 wà. Ìdájọ́ ECOWAS náà wúlò, ṣùgbọ́n kì í fúnra rẹ̀ pa òfin rẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹ̀rí tó ń ti ẹjọ́ yín lẹ́yìn ni.

Ní ti ìdọ́gba, ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni mo rò pé ó yẹ kí agbára yín lọ. Abala 10 Ìwé Òfin Àgbà ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, abala 42 sì ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn léèwọ̀. Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí. Òfin 2006 dá àjọ ìrìn-àjò Hájì sílẹ̀, òfin 2007 dá ti Kristẹni sílẹ̀, owó ìjọba ló sì ń bọ́ wọn. Ta ló ń kówó irìn-àjò oníṣẹ̀ṣe lọ sí Ilé-Ifẹ̀? Àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ti ń fún wọn ní ìsinmi ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìkéde gómìnà lè yí padà. Ẹ wo Òfin Ìwà Ọ̀daràn yẹn náà: abala 207 fún ààrẹ tàbí gómìnà ní agbára láti fòfin de bíbọ ohun tí ó pè ní júújù tí ó bá rò pé ó lè fa ìwà ọ̀daràn. Kò sí irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Bí ẹ bá ń kọ àbádòfin, ẹ gbé 204 àti gbólóhùn yẹn nínú 207 jáde pọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo rò pé ẹ lè tètè jàre. Abala 38(2) sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ní oṣù kẹfà 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí láre lórí híjáàbù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. Ìdí tí wọ́n fi jàre ni abala 38 àti 42, kò sì sí ohun tó sọ pé ọmọ tó wọ ìdè Ifá lọ́wọ́ kò lè dúró lórí ìdí kan náà. Ní Florida, ìlú Hialeah ṣe òfin ní 1987 pé kí wọ́n má fi ẹran rúbọ, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n gba pípa ẹran fún ohun mìíràn láàyè. Ìjọ Lukumi Babalu Aye, tó jẹ́ ti àwọn olórìṣà ibẹ̀, pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sì dá wọn láre ní 1993. Ìbéèrè tí wọ́n bi òfin yẹn ni kí ẹ máa bi ìjọba ìbílẹ̀ yín: ohun tí ẹ kọ̀ fún wa yìí, ta lẹ gbà fún? Bí wọ́n bá gba ìsọjí láàyè láti dí títì, tí wọn kò sì gba ọdún Ògún láàyè, ẹ ti ní ẹjọ́.

Ó kan ẹ̀yin náà o. Ní ìlú tí oníṣẹ̀ṣe bá ti pọ̀, àwọn yòókù ló kéré. Abala 41 Ìwé Òfin Àgbà fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn, sísé ìlú mọ́ ẹni tí kò ṣe Orò lójú ọ̀sán kò lè dúró níwájú adájọ́. Nínú ẹjọ́ Agbai àti Okagbue ní 1991, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹnìkan láre tí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí kò san owó tí wọ́n dá lé e. Ẹni náà ní ẹ̀sìn òun kò gba kí òun wà nínú ẹgbẹ́ náà. Owó ọdún tí ẹ bá ń fipá gbà nílé Kristẹni, abẹ́ ìdájọ́ yẹn ló wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníwàásù yín. Bí ó bá dúró lórí pé òrìṣà kò ní agbára, ẹ fèsì tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ariwo rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: ìlànà ariwo ti àpapọ̀ wà láti 2009, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ yín sì lè gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, yálà Ifá ló ń bú tàbí orin ló ń kọ. Bí ó bá wọlé wá da ìsìn rú, abala 206 ni. Ìyà rẹ̀ kò pọ̀, oṣù 2 tàbí náírà 10 ló wà níbẹ̀ fún dída ìsìn rú, nígbà tí àwọn tó ṣe òfin náà fi ọdún 2 sílẹ̀ fún ìwọ̀sí. Ẹ rí bí wọ́n ṣe wọn nǹkan. Ẹ bèèrè nínú àbádòfin yín pé kí wọ́n gbé 206 sókè, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ilé Ifá àti ojúbọ wà lára ibi ìsìn, nítorí abala 205 ń sọ̀rọ̀ nípa òjíṣẹ́ ẹ̀sìn, agbẹjọ́rò kejì sì lè jiyàn pé babaláwo kì í ṣe ọ̀kan. Bí ó bá fọ́ ère tàbí ilẹ̀kùn, abala 451. Bí ó bá pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá jó ilé yín, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì mú un, òun náà ní ẹ̀tọ́ abala 35 Ìwé Òfin Àgbà: kí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bí kò bá sí.

Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ọjọ́ àti àkókò hàn, kí ẹ má gé e rárá. Ohùn tí wọ́n gé ni agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú. Ẹ tọ́jú fóònù tí ẹ fi gbà á, nítorí abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011 ń bèèrè ìwé tí ẹni tó ni ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí kí ilé ẹjọ́ tó gba ohun tó ti inú ẹ̀rọ jáde. Ẹ kọ orúkọ ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sì ṣe ìṣẹ̀ṣe, ó sàn jù. Ìwé ẹ̀sùn ni kí ẹ kọ, ẹ má ṣe fẹnu sọ ọ́: ẹ̀dà kan fún ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, ọ̀kan fún àjọ àyíká, ọ̀kan fún àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ yín, ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan gbà á lára rẹ̀.